Ìgbà kọkànlá rèé tí mò ń gbọ́ abala kan ṣoṣo. Ṣé orí mi pé?

Elétí Kan
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rẹ́ mi kan fi eré àwàdà àfetígbọ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Mi ò kọ́kọ́ kà á sí. Àwàdà téèyàn ò rí ojú ẹni tó ń ṣe é, kí ló fẹ́ pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Lọ́jọ́ kan ṣá, mo tẹ̀ ẹ́ níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Bàbá arúgbó méjì ló ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri. Àwọn ò rí nǹkan kan, èmi tí mò ń gbọ́ ọ náà ò rí nǹkan kan. Nǹkan ń ṣubú gbì gbì, ọ̀kan ń dá èkejì lẹ́bi. Gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ni ọ̀kan nínú wọn bá rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ: "Mo ti di nǹkan kan mú o. Àmọ́ ó ń mí."

Ẹ gbà mí. Mo fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ di àyà mú, àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, ìgbà kọkànlá rèé. Mo ti mọ ibi tó wà, ìṣẹ́jú kẹrìnlá ni. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mò ń fò sí tààrà. Ó ti wá burú débi pé gbólóhùn yẹn ti ń dún bí orin létí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jó sí i. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún kó sínú orin kan, mo tún kó sínú pọ́díkáàsì àwọn obìnrin méjì kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Ìyàwó mi ní íápíìsì ni mo fẹ́, òun kàn ń bá wa gbélé ni.

Kí ló ń fa irú eléyìí? Ṣé ó máa fi mí sílẹ̀ fúnra ẹ̀, àbí kí n wá nǹkan ṣe sí i?

Arẹ́rìn-ín Òru
"Àmọ́ ó ń mí"! Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gbọ́ ọ, mo ti ń rẹ́rìn-ín níhìn-ín.

Tèmi ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Gbogbo èèyàn ló dákẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fi ikọ́ bò ó, ikọ́ náà di ẹ̀rín. Bàbá tó jókòó tì mí dìde, ó lọ jókòó sí iwájú lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kó rò pé àìsàn tó gbé mi wá nìyẹn.

Mo kà á nígbà kan pé Robert Provine, ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ẹ̀rín, rí i pé ó tó ìlọ́po 30 tí èèyàn fi ń rẹ́rìn-ín láàárín èèyàn ju ìgbà tó bá dá wà lọ. Torí náà, ohun tó bá lè mú yín rẹ́rìn-ín níwájú abọ́ ìdọ̀tí, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Gbọ́ Tán
Orí yín pé, ẹ̀gbọ́n. Ti gbólóhùn tó di orin yẹn, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́.

Ní 1995, Diana Deutsch, onímọ̀ ọpọlọ tó ń wádìí orin àti ohùn, ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó jẹ́ kí gbólóhùn kékeré kan máa yí po, ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ó ń ṣe nǹkan mìíràn. Ṣàdédé ló ń gbọ́ obìnrin kan tó ń kọrin nínú yàrá. Nígbà tó wò yí ká, ohùn ara ẹ̀ ni. Wọn ò yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀ o, kò gbé ohùn sókè, kò fà á gùn. Àyípo yẹn nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ di orin. Ẹ wá wo èdè tiwa tó jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ pe "àmọ́ ó ń mí" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, ẹ máa rí i pé ìlù nìkan ló kù.

Ti ìfẹ́ tó ń pọ̀ sí i, Robert Zajonc, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ti ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn ní 1968. Ó ń fi nǹkan tí wọn ò mọ̀ rí han àwọn èèyàn léraléra, títí kan ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá. Èyí tí wọ́n bá rí jù ni wọ́n ń sọ pé ó dára jù. Ojú tó ti mọ nǹkan ló ń fẹ́ràn nǹkan. Etí náà ò yàtọ̀.

Alátakò
Gbọ́ Tán, mi ò gbà.

Bó bá jẹ́ pé àgbọ́túngbọ́ ló ń bí ìfẹ́, ìpolówó ọjà tí wọ́n ń fi há àárín pọ́díkáàsì ni ì bá jẹ́ orin àyànfẹ́ mi. Ìpolówó ọṣẹ ìfọyín kan wà tí mo ti gbọ́ ju igba ìgbà lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń kórìíra ẹ̀ sí i. Mo ti mọ ibi tí ọkùnrin náà ti máa ń mí kó tó sọ orúkọ ọṣẹ náà, mo sì ń kórìíra èémí ẹ̀ pàápàá.

Ẹ̀gbọ́n Elétí ti fẹ́ràn nǹkan yẹn ní ìgbà àkọ́kọ́ tí àwo já bọ́. Níbo ni àtúngbọ́ ti wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹjọ́: yàtọ̀ sí ọjọ́ abọ́ yẹn, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ abala náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí? Ẹni tó ń fò sí ìṣẹ́jú kẹrìnlá kò tíì gbọ́ ọ nígbà mọ́kànlá. Ìgbà kan pẹ̀lú omi ẹ̀rọ tó ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀ ló gbọ́.

Gbọ́ Tán
Ó dáa, o mú mi níbì kan. Daniel Berlyne, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mìíràn tó wá lẹ́yìn Zajonc, sọ pé ìfẹ́ náà ní òkè, ó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nǹkan tó ṣàjèjì jù kò dùn, èyí tó ti mọ́ wa lára jù kò dùn, àárín ni adùn wà. Ọṣẹ ìfọyín rẹ ti gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ tipẹ́. Ohun tó díjú, bí orin tó ní ìlù orí ìlù, máa ń pẹ́ kó tó gun òkè dé orí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀.

Ṣùgbọ́n ti omi ẹ̀rọ yẹn, o ṣìkà.

Ìyá Olórin
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀.

Orin kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo orin lọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tí gbogbo ìlù á dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, débi tí ẹ máa rò pé fóònù ti kú. Ìyá ìlù á wá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbààmù! Orí mi á wú. Títí dòní, bí mo bá rántí ẹ̀, irun apá mi á dìde.

Àmọ́ mi ò lè gbọ́ orin náà mọ́. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi í ṣe aago tó ń jí mi láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, orin náà ti di ọ̀tá mi. Bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi báyìí, nǹkan tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ má fi jí ara yín lójú oorun.

Mo fẹ́ bá Alátakò gbè díẹ̀ lórí fífò yẹn. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní yunifásítì McGill ní Kánádà wo ọpọlọ àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń gbọ́ orin tó ń mú orí wọn wú. Dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń bá adùn rìn, ń tú jáde lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: apá kan ń tú u kí ibi dídùn náà tó dé, nígbà tí a ń retí ẹ̀, apá kejì ń tú u nígbà tó bá dé gan-an. Ẹ ẹ̀ wá rí i pé ẹni tó fò sí ìṣẹ́jú kẹrìnlá ti fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ìdajì ẹ̀ nù.

Kòkòrò Etí
Orúkọ mi níbí ti ro ẹjọ́ mi tán. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ohrwurm, kòkòrò tó wọnú etí. Tèmi kì í ṣe odindi orin. Ìlà kan ni. Ìdajì ìlà! Ní aago méjì òru, ó ń yí, ó ń yí, kì í sì í dé ibi tí ìlà náà parí sí.

Ní 2015, yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde pé jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù ń dín in kù. Àlàyé wọn bọ́gbọ́n mu: ibi tí a fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ sẹ́nu náà ni orin yẹn ń lò ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹnu bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, orin ò ráyè.

Mo ṣe é. Mo jẹ ṣingọ́ọ̀mù títí párì ń dùn mí. Orin náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, ó tún wá lóge sí i. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n dìde, kí n gbọ́ orin yẹn dé òpin lẹ́ẹ̀kan, kí n jẹ́ kó parí. Ó jọ pé ohun tí kò parí ló ń yọ ọpọlọ lẹ́nu.

Onírédíò Àtijọ́
Mo ti ń kà yín láti àárọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí kò sí lọ́wọ́ wa, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń dá nǹkan padà. Eré àwàdà orí rédíò ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí oorun bá gbé ọ lọ, ó di ìròyìn. Wàá lọ bẹ ẹni tó gbọ́ ọ, òun á sì sọ ọ́ fún ọ bí kò ṣe dùn rárá. A máa ń fi odindi ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ wèrè nítorí ìdajì wákàtí. Ẹ̀yin ń jẹ́ wèrè lórí ìṣẹ́jú kan náà. Wèrè ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ tún ní pọ́díkáàsì. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ò ju 2004 lọ. Ben Hammersley ló kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó ń wá orúkọ fún rédíò tuntun orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lẹ iPod, ẹ̀rọ orin tí wọ́n ń fi sápò, mọ́ broadcast, ìyẹn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Rédíò náà ni lójú tèmi. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó máa ń dúró dè ọ́.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi dá sí i ni eléyìí. Mo fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ nídìí ìró. Àwọn òṣèré á dúró síwájú gbohùngbohùn, èmi á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àpótí ẹrù mi. Èèpo àgbọn tó là sí méjì ni ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọ̀rá tó ń dún wọ̀wọ̀wọ̀, bí mo bá fún un lẹ́bàá gbohùngbohùn, iná ń jó nìyẹn. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tí mo kàn mọ́ férémù, kò já síbì kankan, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kí n ṣí i kí n sì tì í lọ. Nígbà tó di 1958, BBC tiẹ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìró àjèjì nìkan, Radiophonic Workshop ni wọ́n ń pè é, ó sì wà títí di 1998.

Kò sí ìró tó dédé wà nínú eré àfetígbọ́. Nínú sinimá, àga lè wà níbẹ̀ lásán. Nínú eré tiwa, bí o bá gbọ́ pé àga dún, ẹnì kan ló pinnu pé kí o gbọ́ ọ, ẹnì kan sì jókòó sórí ẹ̀ nítorí tìrẹ. Èmi a máa fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn, nǹkan wẹ́wẹ́, kí ẹni tó bá létí gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí.

Elétí, ọmọ mi, gbọ́ eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Arẹ́rìn-ín Òru
Bàbá, ẹ ṣeun. "Ẹnì kan sì jókòó sórí ẹ̀ nítorí tìrẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára.

Mo fẹ́ sọ ti pọ́díkáàsì, torí ó jọ pé ìyẹn nìkan ni kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn. Orin ń wọni lára, àwàdà ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn olóhùn pọ́díkáàsì máa ń di ẹbí. Méjì kan wà tí mo gbọ́ fún ọdún mẹ́rin. Mo mọ ìgbà tí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn kó tó sọ. Mo mọ ẹ̀rín tó ń rín nígbà tí kò bá rí ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀rín. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn parí, ẹ ṣeun, ó dàbọ̀. Mo sunkún! Àwọn tí kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Mo rò pé èmi nìkan ni, àfi ìgbà tí mo kà nípa Donald Horton àti Richard Wohl, olùwádìí méjì kan. Láti 1956 ni wọ́n ti kọ̀wé nípa ẹ̀, lórí àwọn onírédíò àti onítẹlifíṣọ̀n: olùgbọ́ gbà pé òun mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Apá kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ náà ní. Íápíìsì wá mú un le sí i, torí inú orí rẹ gan-an ni ohùn náà wà.

Adákẹ́gbọ́
Ní kúkúrú, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́: ẹ wo bí ohùn ṣe lọ sókè tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 dB (dẹ́síbẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà lè gbà láìséwu. Bí ó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohun kan nígbà mọ́kànlá pẹ̀lú omi ẹ̀rọ tó ń ya, kò sí àní-àní pé ó ti gbé e sókè. Etí tó bá lọ kì í padà. Mo ti sọ tèmi.

Elétí Kan
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Alátakò, o fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Mo ti rẹ ohùn sílẹ̀ o, Adákẹ́gbọ́. Wàhálà tó kù ni ilé. Mo ní kí ìyàwó mi wá gbọ́ ọ, ó ní òun ò gbọ́ ohun tí èèyàn ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ́rìn-ín láìpe òun.

Onírédíò Àtijọ́
Ó jàre. Nígbà tí Sony gbé Walkman àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré téèyàn ń gbé rìn, jáde ní July 1979, ẹ mọ̀ pé ihò méjì ló ní fún íápíìsì? Wọ́n tún fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn kan sí i: bí o bá tẹ̀ ẹ́, orin á lọ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á lè bá ara yín sọ̀rọ̀ láìyọ íápíìsì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹnì kan máa dá gbọ́ orin láàárín èèyàn. Ní ìkẹyìn, ó hàn pé dídá gbọ́ gan-an ni àwọn èèyàn fẹ́, ihò di ẹyọ kan.

Lọ bẹ̀ ẹ́. Fún un ní ìdajì íápíìsì. Má bá a sọ̀rọ̀. Má wo ojú ẹ̀ kí o rí bóyá ó máa rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló ń ba àwàdà jẹ́ jù.

Arẹ́rìn-ín Òru
Èyí tó kẹ́yìn yẹn, bàbá! Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Elétí Kan
Ẹ kú alẹ́. Mo padà wá.

Ìyàwó mi gbà. A jókòó sórí àga gígùn, etí òsì tèmi, etí ọ̀tún tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí omi, láìsí abọ́. Mo tẹjú mọ́ ògiri bí bàbá ṣe ní kí n ṣe.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀! Bàbá arúgbó kìíní ń wọlé ni, ó ń bọ́ ẹ̀wù, ó ń kùn. Mo ní kí ló dé. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá ara wọn jà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé "àmọ́ ó ń mí", ibi tí mo ti ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tiẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa mọ́.

Nígbà tó parí, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ nígbà tó ń bọ́ ẹ̀wù ni?"

Mo dá a padà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn tí ẹ̀wù dún, kí ó tó kùn, irin kékeré kan já bọ́ sílẹ̀: ṣín.

Nídìí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Alátakò
Ìgbà kìíní tẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ rèé. Ẹ kú oríire.

Onírédíò Àtijọ́
Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹni tó ju kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀, níbikíbi tó bá wà lálẹ́ òní, mo bá a yọ̀.

Elétí Kan
Ó ní kí n kí yín padà. Ó ti gba íápíìsì náà, ó ti wà lórí abala kejì. Mi ò mọ ibi tó dé, kì í dá mi lóhùn.